Wolé-wolé Ohun Tí Ojú Kò Rí: Ìtàn Àyẹ̀wò Ìtànṣán Olóró láti Ìbàdàn

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan pé lórí àyẹ̀wò ààbò agbára núkílíà ni n ó ti sọ̀rọ̀, ó bi mí léèrè pé kí ni ó kan onítàn níbẹ̀, nígbà tí kò sí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ní Nàìjíríà tí ó ń fi agbára núkílíà pèsè iná mànàmáná. Mo dá a lóhùn pé bí a bá dúró títí wọ́n fi kọ́ irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tán kí a tó béèrè ẹni tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí kì í sì í ṣe àjèjì sí wa. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí ó ti bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, tí Ajíbọ́dẹ wà lẹ́yìn rẹ̀ níhà àríwá. Àìmọye ènìyàn ni ó ti gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá lọ sí oko àti ọjà láìmọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Kí n tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí n pe ẹnì kan tí gbogbo wa mọ̀ jáde: wolé-wolé. Àwọn tí ó dàgbà láàárín wa kò ní gbàgbé rẹ̀. Yóò dé ní òwúrọ̀, yóò ṣí àmù wò bóyá tanwíji wà nínú omi, yóò yí lọ sí ẹ̀yìnkùlé wò bóyá igbó ti kún, yóò yọjú sí ṣáláńgá. Bí ó bá rí ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹjọ́ dé nìyẹn. Bí àwọn obìnrin bá ti gbúròó rẹ̀ ní abúlé kejì, wọn a máa da omi inú àmù nù. Iṣẹ́ rere ni ó ń ṣe, nítorí tanwíji ni í di ẹ̀fọn, ẹ̀fọn ni ó sì ń kó ibà ranni. Síbẹ̀ wọn kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìjọba ni ó rán an, ìjọba ni ó ń jábọ̀ fún, ará abúlé kò sì ní ọ̀nà kankan tí ó lè gbà mọ̀ bóyá ohun tí ó kọ sínú ìwé rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe ohun tuntun kí a gbọ́ pé wọ́n ti fi àkùkọ kan tù ú lójú.

Ẹnì kejì ni olùyẹ̀wò kókó. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, ìjọba amúnisìn rán àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ sí oko kókó tí ó yí Ìbàdàn ká nítorí àrùn tí ó ń mú kí ẹ̀ka igi kókó wú. Ọ̀nà tí wọ́n mọ̀ láti dá àrùn náà dúró ni kí wọ́n gé igi tí ó mú lulẹ̀, àti èyí tí ó wà nítòsí rẹ̀. Àgbẹ̀ a wo igi rẹ̀, a rí i pé ewé rẹ̀ tutù, pé ó ń so. Àlejò a dé, a ní àrùn wà lára rẹ̀, ó di gígé. Àwọn àgbẹ̀ kọ̀ jálẹ̀, ẹgbẹ́ Máyégún gba ọ̀rọ̀ náà jà, ìjọba sì ní láti dẹwọ́. Bí a bá ka ìtàn náà lónìí, a óò rí i pé onísáyẹ́ǹsì kò purọ́: àrùn náà wà ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n àrùn tí àgbẹ̀ kò lè fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ó jẹ́ pé ẹnu ẹni tí ó fẹ́ gé igi rẹ̀ nìkan ni ó ti gbọ́ ọ, báwo ni yóò ṣe gbà á gbọ́? Àwọn àgbà wa sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ìtànṣán olóró le ju àrùn kókó lọ nínú ọ̀ràn yìí. Ojú kò rí i, imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀, ahọ́n kò mọ ìkorò rẹ̀. Àwọn ohun kan wà tí átọ́ọ̀mù inú wọn kò dúró sójú kan. Bí wọ́n ṣe ń yí padà ni wọ́n ń tú ìtànṣán jáde, ìtànṣán náà sì lè ba ẹ̀yà ara ènìyàn jẹ́ títí dé orí jẹjẹrẹ. Àwọn mìíràn nínú wọn kì í pẹ́: iodine-131, tí ọ̀nà ọ̀fun ènìyàn fẹ́ràn láti gbà sára, a máa dín sí ìdajì láàárín ọjọ́ 8. Àwọn mìíràn a sì máa pẹ́: strontium-90, tí ó máa ń wọ inú egungun, ń gba nǹkan bí ọdún 29 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ, caesium-137 ń gba nǹkan bí 30. Ẹ̀rọ nìkan ni ó lè sọ pé wọ́n wà níbì kan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ni ẹ̀rọ náà ni ó ni ọ̀rọ̀. Kókó ohun tí mo bá wá nìyí, ibẹ̀ sì ni ìtàn tiwa ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 1960, ìjọba Faransé dán àdó olóró núkílíà rẹ̀ àkọ́kọ́ wò ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà ní ilẹ̀ Àlùjẹ́ríà. Agbára rẹ̀ tó nǹkan bí kílótọ́ọ̀nù 70, ó ju ìlọ́po mẹ́rin èyí tí wọ́n jù sí Hiroshima lọ. Láti Reggane sí Ìbàdàn lé ní 2,000 kìlómítà, ẹnìkan lè ní ibẹ̀ jìnnà. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń fẹ́ láti Sàhárà wá bá wa ní oṣù Kejì ọdún? Ọyẹ́ ni. Eruku tí ń bo ewé iṣu àti àgbàdo wa mọ́lẹ̀, tí ń mú kí ètè wa là, láti aṣálẹ̀ yẹn ni ó ti ń wá. Kò sí ẹni tí ó nílò ìwé mẹ́fà kí ó tó mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá tú sínú afẹ́fẹ́ níbẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ wa.

Ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀ kí àdó náà tó bú. Ní ọdún 1959, nígbà tí a kò tíì gba òmìnira, àwọn mínísítà láti Nàìjíríà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti gbé ẹ̀hónú náà ka iwájú olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Harold Macmillan. Ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí Faransé má ṣe dán an wò. Ní oṣù Kejìlá, àwọn kan gbéra láti Accra pé àwọn yóò wọ aṣálẹ̀ lọ jókòó sí ibi tí wọ́n ti fẹ́ dán an wò. Àwọn aláṣẹ Faransé dá wọn padà ní bodè. Èsì tí Faransé ń fọ̀ ni pé kò sí ewu. Èsì tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà fún wa ni pé ewu náà kò tó nǹkan, àmọ́ kí ọkàn wa lè balẹ̀, kí a jọ gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ káàkiri Nàìjíríà láti máa wọn ohun tí ó bá rọ̀ sílẹ̀. Wọ́n gbé àwọn ẹ̀rọ náà kalẹ̀ lóòótọ́. Ìjọba tí ó ní kò sí ewu ni ó kó ẹ̀rọ wá, òun náà ni ọ̀rẹ́ ìjọba tí ó fẹ́ jù àdó. Ẹ tún wo wolé-wolé wa o.

Faransé tún dán òmíràn wò ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 1960. A gba òmìnira ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí a gbà á tí ẹ̀kẹta bú ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 1961, ìjọba Tafawa Balewa ní kí aṣojú Faransé kó ẹrù rẹ̀. Balewa kì í ṣe oníjàgídíjàgan, gbogbo ayé ni ó mọ̀ ọ́n sí oníwà pẹ̀lẹ́. Èyí gan-an ni ó fi hàn bí ọ̀rọ̀ náà ti ká wọn lára tó. Síbẹ̀, Faransé dán ẹ̀kẹrin wò ní oṣù Kẹrin ọdún náà kí ó tó kó ìdánwò náà wọ inú ilẹ̀ ní In Ecker, níbi tí ó ti ń bá a lọ títí di 1966.

Ǹjẹ́ òótọ́ ni pé kò sí ewu? Ó pé ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta kí ìwé tó jáde. Ìwé ogun Faransé tí ó jẹ́ àṣírí tẹ́lẹ̀, tí ìwé ìròyìn Le Parisien gbé àwòrán ilẹ̀ inú rẹ̀ jáde ní oṣù Kejì ọdún 2014, fi hàn pé eruku àdó àkọ́kọ́ yẹn tàn ká ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, ó dé àárín gbùngbùn Áfíríkà, ó sì gòkè lọ sí etíkun Sípéènì àti Sísílì láàárín ọjọ́ 13. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí gbọ́. Pé eruku dé ibì kan kò túmọ̀ sí pé ó pọ̀ tó láti pa ènìyàn níbẹ̀. Ìbéèrè tèmi kò ju èyí lọ: kí ni ó dé tí ìwé náà fi wà nínú àpótí fún gbogbo ọdún wọ̀nyí, bí kò bá sí ohun tí a ń fi pamọ́?

Inú ìfura yẹn ni iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ti jáde. Ní ọdún 1964, ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ẹ̀ka ìmọ̀ físíìsì ní Yunifásítì Ìbàdàn láti máa ṣọ́ ìtànṣán olóró káàkiri Nàìjíríà. FRPS ni àwọn ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Ọdún yẹn kan náà ni Nàìjíríà di ọmọ ẹgbẹ́ IAEA, àjọ àgbáyé tí ń rí sí agbára átọ́ọ̀mù. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ ni láti máa wọn ohun tí ń rọ̀ sílẹ̀ láti inú àwọn àdó tí àwọn alágbára ayé ń dán wò. Ẹ wo bí ó ti rí: fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹni tí ń wọn ohun náà kì í ṣe ẹni tí ó jù ú, kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tí ó jù ú. Bí ẹnìkan bá tún sọ pé kò sí ewu, a óò lè sọ fún un pé kí ó dúró ná, kí a wo ìwé tiwa.

Láìpẹ́ iṣẹ́ mìíràn kún un. Ilé ìwòsàn ń lo ẹ̀rọ X-ray, àwọn mìíràn ń lo ẹ̀rọ kóbáltì láti fi tọ́jú jẹjẹrẹ; àwọn tí ń wa epo rọ̀bì ń sọ ohun tí ń tú ìtànṣán jáde sínú kànga láti mọ irú àpáta tí ó wà nísàlẹ̀; àwọn tí ń jo irin pọ̀ ń fi ìtànṣán wo ojú ibi tí wọ́n jó. Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí ni ó yẹ kí wọ́n máa lẹ báàjì kékeré kan mọ́ àyà, tí fíìmù wà nínú rẹ̀. Bí fíìmù náà bá ti ṣú tó ni ìtànṣán tí ó bá ẹni tí ó wọ̀ ọ́ ti pọ̀ tó. Báàjì láti ọ̀nà jínjìn a máa wá sí Ìbàdàn fún kíkà. Ohun ìyanu ni báàjì yìí lójú mi. Kì í ṣojúsàájú. Ọ̀gá iléeṣẹ́ lè sọ pé òun ń tọ́jú ọmọ iṣẹ́ òun, fíìmù yóò sọ tirẹ̀. Àmọ́ báàjì kò lè sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá gbé e kọ́ sára ògiri kí òṣìṣẹ́ tó wọlé lọ síbi ìtànṣán, àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ yìí sì mọ̀ pé irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ níbi gbogbo láyé.

Àléébù ńlá kan wà. Iléeṣẹ́ náà ní ìmọ̀, kò ní òfin. Bí ó bá dé ibì kan, tí ó rí i pé ògiri yàrá X-ray kò nípọn tó, ó lè kọ ìwé ìmọ̀ràn. Bí ẹni tí ó ni ibẹ̀ bá ju ìwé náà sí inú dúrọ́ọ̀, ó parí. Wolé-wolé tí ń yẹ àmù wò ní ilé ẹjọ́ lẹ́yìn. Wolé-wolé ìtànṣán kò ní. Ní 1976, ìjọba ológun ṣe òfin tí ó dá àjọ agbára átọ́ọ̀mù Nàìjíríà sílẹ̀, èyí tí yóò máa gbé agbára náà lárugẹ, àwọn ibùdó ìwádìí sì bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti Zaria. Ẹni tí yóò lo agbára náà ní òfin tirẹ̀, ẹni tí yóò ṣọ́ ọ kò ní. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọdún 31, láti 1964 dé 1995.

Ohun tí ó ta wá jí kò ti ọ̀dọ̀ ìtànṣán wá rárá. Ní ọdún 1988, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kan ní Ítálì fi tó wa létí pé wọ́n ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí onímájèlé láti ibẹ̀ wá sí Kókò, ìlú èbúté kékeré kan ní ibi tí ó di Ìpínlẹ̀ Dẹ́ltà lónìí. Ìwé irọ́ ni wọ́n fi gbé e wọlé. Baálé ilé kan ni ó yá wọn ní àgbàlá rẹ̀, owó tí wọ́n ń san fún un lóṣù kò ju náírà 500 lọ. Mo máa ń ronú nípa ọkùnrin yẹn bí mo bá ń gba Ajíbọ́dẹ àti àwọn abúlé Akínyẹlé kọjá, tí mo ń rí pátákó ilẹ̀ títà. Ta ni nínú wa tí yóò béèrè ohun tí ó wà nínú àgbá bí owó bá ti wọlé? Ọdún yẹn ni ìjọba ṣòfin lórí ìdọ̀tí olóró tí ó sì dá àjọ tí yóò máa dáàbò bo àyíká sílẹ̀. Ọdún méje lẹ́yìn èyí, ní 1995, òfin ààbò núkílíà àti ìtànṣán olóró jáde. Òfin náà ni ó gbé àjọ alámòójútó kan kalẹ̀, NNRA, tí ó fún un ní agbára láti fúnni ní ìwé àṣẹ, láti gbà á padà, láti wọlé yẹ ibi iṣẹ́ wò, àti láti pe arúfin lẹ́jọ́. Ó tún tó ọdún mẹ́fà kí àjọ náà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Shamsideen Elegba sì di ọ̀gá àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́. Iléeṣẹ́ àtijọ́ ní Ìbàdàn di ibùdó ìwádìí lábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń yẹ àwọn ẹ̀rọ tí ń wọn ìtànṣán wò bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Àjọ tuntun náà kò tíì pé ọdún méjì tí ìdánwò fi dé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2002, àwọn olè jí ohun èlò ìtànṣán méjì tí wọ́n ń lò nínú kànga epo gbé ní agbègbè Niger Delta. A wá wọn títí. Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó rí wọn, ibo ni wọ́n sì ti rí wọn? Ní Jámánì, láàárín irin àlòkù tí wọ́n kó wá láti ọ̀dọ̀ wa fún yíyọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ bí irú ohun bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ní Goiânia, ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, ní 1987, àwọn tí ń ra irin àlòkù fọ́ ẹ̀rọ ìwòsàn kan tí wọ́n pa tì, wọ́n bá ìyẹ̀fun kan nínú rẹ̀ tí ń tàn bí iná aláwọ̀ búlúù lóru. Wọ́n pín in fún ẹbí àti ará nítorí ẹwà rẹ̀. Ènìyàn 4 kú, ìyẹ̀fun náà ran ènìyàn 249, ó sì di dandan kí wọ́n yẹ ènìyàn tí ó lé ní 112,000 wò.

Ní ti ríákítọ̀ gan-an, ìyẹn ààrò tí a ti ń fọ́ átọ́ọ̀mù kí ó lè mú ooru wá, ẹyọ kan ni a ní. Ó wà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, ilẹ̀ Ṣáínà ni a ti rà á, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2004. Fún ìwádìí nìkan ni. Agbára rẹ̀ kò ju kìlówáàtì 30 lọ. Yùréníọ̀mù inú rẹ̀ ni ó fa ọ̀rọ̀, nítorí wọ́n ti ro ó tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni ibi lè fẹ́ fi ṣe àdó. Ní 2018 wọ́n yọ ọ́ kúrò, wọ́n fi èyí tí kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ òfúrufú sì gbé ti tẹ́lẹ̀ padà sí Ṣáínà. Àyẹ̀wò tí ó yanjú nìyẹn, nítorí pé gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, nílé àti lẹ́yìn odi, ni ó ń wo ara wọn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí Jàpáànù, níbi tí ọwọ́ ti wọ ọwọ́. Ní 1989, olùyẹ̀wò kan rí i pé ohun èlò inú ríákítọ̀ kan ní Fukushima ti sán. Ó ya fídíò rẹ̀. Wọ́n ní kí ó gé ibi tí ó sán kúrò nínú fídíò náà. Ní ọdún 2000, ó kọ ìwé sí ìjọba. Kí ni iléeṣẹ́ ìjọba náà ṣe? Ó fi orúkọ rẹ̀ lé iléeṣẹ́ iná náà, TEPCO, lọ́wọ́. Ọdún méjì kọjá kí ọ̀rọ̀ tó tú síta, ní oṣù Kẹjọ ọdún 2002: TEPCO ti ń yí ìwé àyẹ̀wò padà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọ̀gá àgbà rẹ̀ kọ̀wé fipò sílẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di oṣù Kẹrin ọdún 2003, gbogbo ríákítọ̀ rẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ti pa fún àyẹ̀wò tuntun. Ènìyàn yóò rò pé wọ́n ti kọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n àjọ tí ń yẹ̀ wọ́n wò ṣì wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba kan náà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú kí agbára núkílíà gbilẹ̀. Ní 2008, ìṣirò tí àwọn ẹlẹ́rọ TEPCO fúnra wọn ṣe fi hàn pé ìgbì omi òkun lè ga tó mítà 15.7 ní Fukushima, nígbà tí ó jẹ́ pé mítà 5.7 ni wọ́n gbára dì fún. Ìgbà wo ni wọ́n tó mú ìṣirò náà lọ fún àjọ alámòójútó? Ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 2011. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ìgbì dé.

Ó lé ní 150,000 ènìyàn tí ó fi ilé sílẹ̀. Oko ìrẹsì, oko èso, màlúù, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ilé aṣòfin Jàpáànù yàn sọ ní 2012 pé ọwọ́ ènìyàn ni jàǹbá náà ti wá, pé olùyẹ̀wò àti ẹni tí ó ń yẹ̀ wò ti ń jẹun nínú àwo kan náà. Ọdún yẹn ni wọ́n tó dá àjọ tí ó dá dúró sílẹ̀. Amẹ́ríkà ti ṣe irú ìyapa yìí láti 1974, nígbà tí wọ́n pín àjọ átọ́ọ̀mù wọn sí méjì, kí ẹni tí ń ta ọjà má baà jẹ́ ẹni tí ń wọn ọ́n.

Kí ni èyí kàn wá sí? Àwọn ibi mẹ́rin ni àjọ agbára átọ́ọ̀mù wa ti yẹ̀ wò fún kíkọ́ ilé iṣẹ́ iná núkílíà: Gẹ̀régù ní Ìpínlẹ̀ Kogí, Itu ní Akwa Ibom, Lau ní Taraba, àti Agbájé nítòsí Òkìtìpupa ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Gẹ̀régù àti Itu ni wọ́n yàn ṣáájú. Ní 2009 a bá ìjọba Rọ́ṣíà tọwọ́ bọ̀wé, ní 2017 a tún tọwọ́ bọ òmíràn. Àwọn kan lára yín yóò sọ pé ìwé lásán ni, pé a kò ní kọ́ ọ láéláé. Bóyá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń retí iná ní alaalẹ́ kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé kò ní fẹ́ ẹ, èmi náà kò sì wá bú agbára núkílíà. Lórí ìwé, àwa ti ya àjọ tí ń gbé e lárugẹ sọ́tọ̀ kúrò lára àjọ tí ń ṣọ́ ọ, ohun tí Jàpáànù kò ṣe títí di 2012 ni. Mo gbóríyìn fún àwọn tí wọ́n kọ òfin wa. Ṣùgbọ́n bí àpò ìjọba kan náà bá ń bọ́ àwọn méjèèjì, tí ìjọba kan náà sì ti búra pé iná gbọ́dọ̀ tàn kí ìdìbò tó dé, ọjọ́ tí NNRA bá ní kí wọ́n pa ríákítọ̀ nítorí ojú ibi ìjorin kan tí kò dára ni a óò mọ̀ bóyá ìyapa náà jẹ́ òótọ́.

Baba kan ní Ajíbọ́dẹ, tí mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún lọ́jọ́ kan lábẹ́ igi, fetí sílẹ̀ títí mo fi parí. Ó ní, "Ọ̀mọ̀wé, mo gbọ́ pé ìjọba ń wo iléeṣẹ́, iléeṣẹ́ ń wo òṣìṣẹ́. Àwa tí oko wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ńkọ́, ta ni à ń wò?" Ìbéèrè rẹ̀ rán mi létí àwọn àgbẹ̀ kókó, nítorí ohun kan náà ni wọ́n bèèrè, tí kò sí ẹni tí ó dá wọn lóhùn.

Wọ́n ti gbìyànjú ìdáhùn kan ní Gúúsù Áfíríkà. Koeberg, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Cape Town, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àárín àwọn ọdún 1980, ni ilé iṣẹ́ núkílíà àkọ́kọ́ tí ó pèsè iná mànàmáná ní Áfíríkà. Òfin wọn ti 1999 sọ pé lára àwọn tí yóò máa jókòó nínú ìgbìmọ̀ àjọ alámòójútó, ẹnìkan gbọ́dọ̀ jẹ́ aṣojú àwọn ará agbègbè tí ọ̀rọ̀ núkílíà lè kàn. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, nígbà tí iléeṣẹ́ iná fẹ́ kí wọ́n fi ogún ọdún kún ọjọ́ orí Koeberg, mínísítà yọ aṣojú náà kúrò. Ó ní ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tako agbára núkílíà kò yẹ nínú ìgbìmọ̀ náà. Ọkùnrin náà lọ sí ilé ẹjọ́. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ gíga fagi lé ìyọkúrò náà, ó ní kò bófin mu. Ní oṣù Keje ọdún 2024, lẹ́yìn àyẹ̀wò àti ìpàdé ìta gbangba, àjọ náà fọwọ́ sí i pé kí ríákítọ̀ àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́ di 2044. Aṣojú ará agbègbè kò dí ìwé àṣẹ náà lọ́wọ́. Àga rẹ̀ ṣì wà nínú òfin wọn.